Sítáàṣì Ẹ̀gẹ́ àti Ẹ̀mí Inú Yìnyín

Gbogbo wa la mọ gàrí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni sítáàṣì funfun báláú tó ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ garawa nígbà tí wọ́n bá fún omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin. Ìdí ọ̀rọ̀ mi ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyẹn ṣúgà tó so kọ́ra gígùn, lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ pa mọ́ sínú yìnyín, ó sì yẹ kí àwa tí a ní ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀.

Kì í ṣe òtútù fúnra rẹ̀ ló máa ń pa sẹ́ẹ̀lì. Bí omi tó yí i ká bá ń dì, iyọ̀ inú omi náà kì í bá a dì. Á kó jọ sínú ìwọ̀nba omi tó kù, á sì máa fa omi jáde lára sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi súnkì. Bí a bá wá sáré mú un tutù, omi inú rẹ̀ kò ní ráyè jáde, inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni yìnyín á dì sí, á sì ya á. Ewu tún ń bẹ nígbà tó bá ń yọ́, nítorí àwọn ègé yìnyín kéékèèké á máa para pọ̀ di ńlá. Ní 1949, Polge, Smith àti Parkes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé glycerol ń gba àtọ̀ àkùkọ là lọ́wọ́ òtútù. Ní 1959, Lovelock àti Bishop fi kẹ́míkà DMSO kún un. Glycerol àti DMSO ló ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wọn wà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi glycerol dì gbọ́dọ̀ di fífọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó fà á sára aláìsàn. DMSO sì lè mú kí èébì máa gbé aláìsàn.

Ṣúgà gígùn kì í wọlé. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta máa ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí aṣọ kí wọ́n tó rì í bọ aró. Ojú aṣọ ni ẹ̀kọ náà dúró sí, síbẹ̀ aró kì í dé ibi tó bò. Bákan náà ni ṣúgà yìí ṣe ń dúró sí ìta sẹ́ẹ̀lì: ó ń mú omi tó kù níbẹ̀ ki, kí ó lè gan bí dígí dípò kó di yìnyín ẹlẹ́nu mímú. Hydroxyethyl starch, tí wọ́n ń fi sítáàṣì àgbàdo tàbí ọ̀dùnkún ṣe, ti wà lára ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn egungun, kí DMSO lè dín kù.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí sítáàṣì yìí náà ni àwọn aláṣẹ òògùn Yúróòpù dá fífà rẹ̀ sára dúró ní 2022, nítorí ó ń ba kíndìnrín jẹ́? Òótọ́ ni, n kò sì ní fojú kékeré wò ó. Omi tí wọ́n ń fà sára ní ọ̀pọ̀ yanturu ni wọ́n dá dúró, ìwọ̀nba tó bá sẹ́ẹ̀lì wọ ara aláìsàn kéré púpọ̀ sí i; ṣùgbọ́n kíndìnrín ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n lè nílò irú ẹ̀jẹ̀ tàbí sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, kò lágbára tẹ́lẹ̀. Pé nǹkan ti ara igi wá kò sọ ọ́ di aláìléwu. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lo ṣúgà gígùn fún sẹ́ẹ̀lì tí kò ní wọ iṣan ẹnikẹ́ni, bíi ti ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn CIAT ní Kòlóńbíà, wọ́n ti fi alginate, ṣúgà gígùn inú ewéko òkun, bo ṣóńṣó ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n sì tì í bọ naitrojíìnì olómi tó tutù dé -196°C. Ó hù lẹ́yìn náà. Igi la fi ń gbin ẹ̀gẹ́, a kì í fi irúgbìn gbìn ín. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn fi ń tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi rẹ̀ sínú oko, níbi tí àrùn ti lè kó wọn, àti sínú ìgò.

Àtakò tó le jù lójú mi ni pé sítáàṣì lásán kì í yòrò nínú omi tútù, tó bá sì dì tó yọ́, á máa sun omi. Amylose, tó jẹ́ apá kan sítáàṣì, ló ń fa sísun omi yẹn jù, ti ẹ̀gẹ́ sì kéré ju ti àgbàdo wa lọ. Ní 2007, àwọn onímọ̀ CIAT kéde ẹ̀gẹ́ tí kò ní in rárá. Ohun èlò wà, nígbà náà. Yàrá ìwádìí Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun tàbí ti Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè lè fi ìwúkàrà bẹ̀rẹ̀, nítorí kò wọ́n: kí wọ́n di apá kan pẹ̀lú DMSO nìkan, kí wọ́n di apá kejì pẹ̀lú ìdajì DMSO àti sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti sọ di èyí tó ń yòrò, kí wọ́n yọ́ méjèèjì, kí wọ́n sì ka iye tó yè.