Kí Táìsì Tó Bò Ó: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Táìsì

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ń gba fírídọ́ọ̀mù lónìí, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò kan bí wọ́n ṣe ń gé táìsì tàbí bí wọ́n ṣe ń tò ó kó gún. Ìyẹn ti mọ́ yín lọ́wọ́. Bàlùwẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn, àgàgà ibi tí omi ṣáwà ń dà sí.

Ọ̀pọ̀ onílé gbà pé táìsì ló ń dá omi dúró. Bí táílà bá ní kí wọ́n ra nǹkan tí wọ́n ń fi dènà omi, onílé á ní, "Táìsì tí mo rà yìí, Spain ló ti wá o. Omi ò lè gba inú ẹ̀ kọjá." Òótọ́ ni, kò lè gba inú táìsì kọjá. Símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dí àárín táìsì kan sí èkejì ló máa ń gbà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mu omi, omi náà á wọ inú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ táìsì, á wọ ṣíkírídì abẹ́ rẹ̀, á sì dé dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré. Bó bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀: àjà P.O.P. rẹ̀ á yọ àbàwọ́n, ọ̀dà á máa ṣí. Èyí tó burú jù kò tiẹ̀ hàn sójú. Irin inú dẹ́kìn á dípẹtà, ìpẹtà sì máa ń gba àyè ju irin lọ, òun ló fi ń la kọnkéré láti inú wá.

Abẹ́ táìsì ni ìdènà omi wà. Kí wọ́n tó kun ohunkóhun, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ sí ihò omi, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kan. Àwọn oníṣẹ́ Amẹ́ríkà kan jìyà àìṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọ̀rá PVC ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ṣíkírídì. Àwọn kan á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀ tó dọ́gba, ṣíkírídì òkè nìkan ni wọ́n á mú dagẹ̀rẹ̀. Omi tó bá jò wọlé á dúró sórí ọ̀rá náà, á máa rùn, láìríbi gbà jáde. Nítorí náà, kí táílà àti pulọ́ńbà ti bára wọn jà lórí gíga ihò omi kí ṣíkírídì tó gbẹ. Ìjà ọjọ́ yẹn kò wọ́n.

Ìdènà tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí rólà kùn ni ọ̀pọ̀ táílà ń lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kùn ún, ó kéré tán. Àkọ́kọ́ á gbẹ, wọ́n á wá kun èkejì ní ìdábùú rẹ̀ kó lè bo ihò tíntìntín tí búrọ́ọ̀ṣì fò. Ṣùgbọ́n àárín ilẹ̀ kọ́ ni omi sábà ń gbà. Igun ni, àti etí ihò omi, àti ibi tí páìpù ti yọ lára ògiri. Ògiri àti ilẹ̀ kì í sún pọ̀. Bí ọ̀kan bá sún díẹ̀, ohun tí wọ́n kùn sáàárín wọn á ya. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà mọ́ igun nígbà tí ìkùn ṣì tutù. Nígbà tí wọ́n bá to táìsì tán, ṣílíkọ́nù ló yẹ igun yẹn, kì í ṣe símẹ́ńtì funfun.

Ti ògiri ńkọ́? Ìlànà Ọsirélíà, AS 3740, ní kí ìdènà ògiri ṣáwà ga tó mítà 1.8 ó kéré tán. Ní ìpínlẹ̀ New South Wales níbẹ̀, iṣẹ́ ìdènà omi ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí ti táílà. Jámánì náà ní DIN 18534 láti ọdún 2017 fún ìdènà omi nínú ilé. Nílẹ̀ wa, táílà kan náà ló sábà ń ṣe méjèèjì. Kó yáa kọ owó méjèèjì sínú ìwé iye owó, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kó sì kọ ọjọ́ ìdánwò síbẹ̀. Bí ìkùn bá ti gbẹ tán, wọ́n á dí ihò omi, wọ́n á da omi sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, wọ́n á fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó dé, ó di wákàtí 24. Ẹnì kan á lọ wo àjà ìsàlẹ̀. Onílé tó ń kánjú kó wọlé á bínú sí ọjọ́ kan yìí. Bí ó bá jò báyìí, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n á fi tún un ṣe. Bí táìsì bá ti bò ó, òòlù ni.

Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú: igun, etí ihò, àmì omi, àti ibi tí páìpù gbà. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ lu ògiri láti gbé dígí kọ́, fọ́tò yẹn ni yóò sọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ọ̀gá yín ti mú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fún un láyè kó pe orúkọ.