Iṣẹ́ Kúáńtọ́mù: Ṣé Kí A Sanwó Rẹ̀, Níbo Sì Ni Kí A Ti Ṣe É?



Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni a wá jẹ́. Ẹ ó rántí pé àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n wà ní yunifásítì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn, kí àwọn lè fi ra àkókò lórí ẹ̀rọ kúáńtọ́mù tí ó wà ní òkè òkun. Àwọn kan nínú wa ní ohun ìgbéraga ni èyí jẹ́ fún ìlú, kí a san owó náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ní owó tí a fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ aláìní kì í ṣe ohun tí a fi ń dán nǹkan wò. A yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a sì rí i pé òtítọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ẹ mọ̀ ń fi bíìtì ṣírò, bíìtì kan kò sì lè jẹ́ ju 0 tàbí 1 lọ nígbà kan náà. Ẹ̀rọ kúáńtọ́mù ń lo kúbíìtì, èyí tí ó lè wà ní ipò tí 0 àti 1 ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn, títí di ìgbà tí a bá wò ó. Bí a bá ti wò ó, ó di ọ̀kan nínú méjèèjì. Sákíìtì ni ètò ìgbésẹ̀ tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn kúbíìtì: kí a ṣe báyìí sí èyí, kí a so èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn, títí a ó fi dé orí wíwò. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni à ń rí nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá wò ó. Nítorí náà a ní láti ṣe sákíìtì kan náà ní ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún ìgbà kí a tó mọ ibi tí ìdáhùn fì sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni owó ń gbà lọ.

Ǹjẹ́ a tilẹ̀ nílò ẹ̀rọ náà bí? Kọ̀ǹpútà lásán lè ṣe àfarawé sákíìtì tí kò bá tóbi jù. Bí a bá fẹ́ ṣe àfarawé kúbíìtì 30 láìku ibì kan, tí a sì fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní báìtì 16, ibi ìpamọ́ tí a nílò jẹ́ nǹkan bíi gígábáìtì 17. Kọ̀ǹpútà tí ó dára nínú ilé ènìyàn lè gbé e. Ṣùgbọ́n kúbíìtì kan ṣoṣo tí a bá fi kún un yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí a bá dé 40, ó ti lé ní gígábáìtì 17,000. Nígbà tí a bá sì dé 50, ó ti tó mílíọ̀nù 18, èyí tí kò sí ọmọ ìlú wa tí ó ní i.

Sákíìtì tí ó tóbi jù nínú èyí tí àwọn ọmọ wa fi ránṣẹ́ sí wa jẹ́ kúbíìtì 12. Ata tí ọlọ ilé lè lọ̀ ni. A kò rí ìdí tí a ó fi gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta ìlú mìíràn, kí a sì tún san owó ọkọ̀ lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn ọmọ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí lè rú lójú. Ní 2019, àwọn ará Google kéde pé ẹ̀rọ wọn tí ń jẹ́ Sycamore, tí ó ní kúbíìtì 53, fi ìṣẹ́jú àáyá 200 ṣe iṣẹ́ kan tí kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù láyé yóò fi 10,000 ọdún ṣe. Kíá ni àwọn ará IBM dáhùn pé ọjọ́ méjì àbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà yóò fi ṣe é. Ní oṣù Júùnù 2023, ó kan àwọn ará IBM fúnra wọn. Wọ́n tẹ iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ kúbíìtì 127 ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, wọ́n sì ní ó wúlò ju ohun tí àfarawé pátápátá lè ṣe lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn fi ọgbọ́n ìṣírò tuntun ṣe iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà lásán. A kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Bí irú àwọn ẹni wọ̀nyí bá lè ka agbára kọ̀ǹpútà lásán kéré, ó yẹ kí àwa náà yẹ tiwa wò dáadáa kí a tó tú àpò.

Àṣìṣe ẹ̀rọ tún wà níbẹ̀. Bí a bá ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó so kúbíìtì méjì pọ̀ ń kùnà ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, sákíìtì tí ó ní irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ 100 yóò jáde láìní àbùkù ní nǹkan bí ìgbà 37 péré nínú 100. Bí ìgbésẹ̀ bá di 300, ó di ìgbà 5. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣírò àṣìṣe náà kúrò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ń béèrè pé kí a tún iṣẹ́ ṣe ní ìgbà púpọ̀ sí i, owó a sì máa gorí owó.

Ẹni tí ó bá wá nílò ẹ̀rọ gan-an, níbo ni kí ó lọ? Oríṣi méjì ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń mú tutù dé nǹkan bíi 273 dígírì nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ó yára púpọ̀, ṣùgbọ́n kúbíìtì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń bá aládùúgbò rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Bí a bá fẹ́ so èyí tí ó jìnnà pọ̀, a ní láti máa pààrọ̀ ipò wọn, ìpààrọ̀ kan sì máa ń gba ìgbésẹ̀ ìsopọ̀ mẹ́ta. Èkejì ń lo átọ́ọ̀mù tí agbára iná wà lára rẹ̀, tí wọ́n há mọ́ inú òfìfo. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n nínú irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀, kúbíìtì èyíkéyìí lè bá èyíkéyìí so pọ̀.

Owó wọn kò sì dọ́gba. Nígbà tí Amazon ṣí ọjà Braket sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2020, sẹ́ǹtì 30 ni wọ́n ń gbà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣe sákíìtì jẹ́ sẹ́ǹtì 1 lórí ẹ̀rọ IonQ, tí ó jẹ́ ti átọ́ọ̀mù, ó sì jẹ́ dọ́là 0.00035 lórí ẹ̀rọ Rigetti, tí ó jẹ́ ti òtútù. Ẹgbẹ̀rún ìgbà wá jẹ́ dọ́là 10.30 níhìn-ín, ó sì jẹ́ sẹ́ǹtì 65 lọ́hùn-ún. Iye wọ̀nyí ti yí padà láti ìgbà náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà bèèrè ti òní. Ṣùgbọ́n bí sákíìtì ọmọ wa bá kún fún ìsopọ̀ ọ̀nà jíjìn, èyí tí ó pọ́kú yìí lè mú ìpààrọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sí ohun tí a ó rí kà nínú ìdáhùn.

Ọ̀nà ọ̀fẹ́ pàápàá wà. Láti oṣù Méè 2016 ni IBM ti jẹ́ kí ará ìta máa lo ẹ̀rọ wọn láti ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Kúbíìtì 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, wọ́n bá Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg ṣe àdéhùn tí ó fẹ́ ṣí ọ̀nà fún àwọn yunifásítì inú ẹgbẹ́ ARUA, tí Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ wà lára wọn. Ó yẹ kí ọmọ wa tí ó wà ní ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ bi àwọn olùkọ́ rẹ̀ léèrè kí ó tó kọ̀wé sí wa.

A kò ní fi tiwa pamọ́ fún yín. Nígbà tí à ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, àwa náà fi sákíìtì kékeré kan ránṣẹ́ láìṣe àfarawé rẹ̀ nílé. A dúró lórí ìlà títí ilẹ̀ fi ṣú, ìdáhùn tí ó dé kò sì bá ti inú ìwé mu. A ti ń di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ kí ọ̀kan nínú wa tó rí i pé àwa ni a ka ìdáhùn sódì: nínú ètò tí a lò, apá ọ̀tún ni kúbíìtì àkọ́kọ́ wà, àwa sì ń kà á láti òsì. Ìṣẹ́jú kan péré lórí kọ̀ǹpútà tiwa ì bá ti fi àṣìṣe náà hàn wá.

Ohun tí a wá ń bẹ ìpàdé yìí fún ni pé kí a má san owó ẹ̀rọ òkè òkun lódindi ní ọdún yìí. Kí a fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà kan tí ó ní ibi ìpamọ́ gígábáìtì 32, pẹ̀lú agbára oòrùn tí yóò gbé e, kí a sì gbé e sí yàrá ìkàwé ìlú, kí ọmọ ilé-ìwé gíga wa náà lè fọwọ́ kàn án. Kí akápò tọ́jú ìyókù. Ẹni tí ó bá fẹ́ nínú rẹ̀ yóò fi ìwé hàn wá pé òun ti ṣe iṣẹ́ náà nílé ní ìwọ̀n kékeré, yóò sọ iye ìgbésẹ̀ àti iye ìgbà tí òun fẹ́ ṣe é, àti ìdí tí òun fi yan ẹ̀rọ tí òun yàn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ àṣìṣe ẹ̀rọ gan-an, a ó fún un láìjanpata, nítorí kò sí àfarawé tí ó lè rọ́pò ìyẹn.

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ kò fara mọ́ wa. Ó ní ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan ojúlówó ẹ̀rọ ní kékeré yóò máa wo ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: a gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbésọnù, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi ní kí a fi owó kékeré náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní òkè òkun tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kí ẹ lè máa bá wa ka ìwé àwọn ọmọ.

Ọ̀sán òní ni a ó dìbò lórí rẹ̀. Ìwé tí àwọn ọmọ náà kọ, pẹ̀lú sákíìtì wọn, wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á kí ó tó dìbò.