Ẹni Tí Kò Dáhùn Nígbà Tí A Pe Orúkọ

Alága wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ jáde ní 2004, mo kí yín o.  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa Bàbá, olùkọ́ wa nínú èdè Yorùbá, tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀. N kò ní pẹ́, mo mọ̀ pé ìrẹsì ti jinná.

Ta ni nínú wa tó lè gbàgbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí Bàbá máa ń kọ sójú pátákó: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀? Wọn á ní, "Ìwọ tí o kò fẹ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bí o bá kọ̀wé sílé pé ọkọ rẹ ti sọnù, ṣé olówó orí rẹ ni, àbí èyí tí wọ́n fi ń roko?" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́ wa pé Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, pé 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò, àti pé tíṣà ni D. O. Fágúnwà nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń dùn mọ́ Bàbá púpọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì ohùn ni mo fẹ́ kí a fi rántí wọn jù. Ìwé orúkọ ni. Bí Bàbá bá pe orúkọ láàárọ̀ tí ẹnì kan kò dáhùn, wọn kì í kàn fi òdo síbẹ̀ kí wọ́n kọjá. Bó bá di ọjọ́ kẹta, wọn á wọ mọ́tò dé Bẹẹrẹ tàbí Ọjà Ọba, wọn á máa bèèrè ilé ọmọ náà. Ọ̀rẹ́ wa kan, tó wà láàárín wa níbí, fi ilé ìwé sílẹ̀ ní SS2 nítorí owó, ó lọ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá bá a nídìí iṣẹ́, wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n bẹ ọ̀gá rẹ̀: àárọ̀ nílé ìwé, ìrọ̀lẹ́ níbi iṣẹ́. Òun náà bá wa ṣe ìdánwò WAEC. Òun ló ní kí n sọ ọ́.

Ẹ wá wo gbọ̀ngàn yìí. A ju ọgọ́rùn-ún lọ nígbà náà. Lónìí a kò tó ogójì. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó kù ló wà lókè òkun o. Mo pe àwọn mélòó kan lórí fóònù, torí iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi ní bíbèèrè. Gbogbo wọn ló ní ọwọ́ àwọn dí. Ìgbà tọ́rọ̀ wọra ni òótọ́ jáde: aṣọ ẹgbẹ́, owó àpéjọ, àti ìtìjú. Ọ̀kan ní, "Kí ni kí n wí bí wọ́n bá bi mí níbi tí mò ń ṣiṣẹ́?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Àpéjọ tó jẹ́ pé ẹni tó rí já jẹ nìkan ló lè wá, ti olówó ni, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Nínú ìwé orúkọ Bàbá, ọmọ olówó, ọmọ tálákà, a, b, d ni wọ́n fi tò wá.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí aṣọ ẹgbẹ́ má ṣe jẹ́ dandan lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú orúkọ ẹnì kan tí kò sí níbí, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá a nílé. Àwọn olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí a bá ń ra màlúù ìsìnkú ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà ilé wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a rà fún wọn lójú ayé sàn ju pósí olówó ńlá lọ.

Mo ti kọ orúkọ àwọn tí kò wá sínú ìwé pélébé pélébé, ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan kó tó lọ jẹun.

Ọlọ́run yóò tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.