Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò Àkọ́kọ́ fún Oníṣẹ́ Iná Inú Ilé

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí iná mànàmáná. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni ojú oníṣẹ́ iná. Ìbéèrè mi lónìí ni pé: èwo ni ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ kọ́kọ́ rà?

Ohun tí ó wà ní àpò ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni tẹ́sítà kékeré tí ó rí bíi síkúrúdíráfà, tí gílóòbù inú rẹ̀ ń pọ́n bí a bá fi ìka kan ìdí rẹ̀. Inú ara ẹni tí ó mú un dání ni iná díẹ̀ náà ń gbà kọjá lọ sí ilẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lábẹ́ mi nígbà kan. Orí àkàbà onígi gbígbẹ ni ó dúró, oòrùn ọ̀sán sì ń wọlé lójú fèrèsé. Ó fi tẹ́sítà kan wáyà, kò rí i kí ó pọ́n, ó gbà pé iná kò sí níbẹ̀. Iná wà níbẹ̀. Ó gbé e ṣánlẹ̀, apá rẹ̀ sì kán. Àkàbà gbígbẹ ti dín ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kù, oòrùn sì bo èyí tí ó ṣẹ́kù. N kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Èmi ni mo fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ẹlẹ́nu méjì tí ń fi fóòtì hàn láàárín wáyà kan àti èkejì, láìgba inú ara ènìyàn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: kí a kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò níbi tí a mọ̀ dájú pé iná wà, kí a tó lò ó, kí a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá lò ó tán.

Ẹlòmíràn yóò ní mítà lásán ti tó. Kò tó. Fóòtì díẹ̀ péré ni bátìrì rẹ̀ ń tì jáde nígbà tí ó bá ń wọn óòmù, kò sì lè tú àṣírí rọ́bà wáyà tí ó ti bó díẹ̀ lábẹ́ símẹ́ǹtì. Ẹ̀rọ tí ó yẹ yóò ti 500 fóòtì sínú wáyà lẹ́yìn tí a bá ti pa iná, tí a sì ti yọ gbogbo ohun èlò kúrò. Bí èsì bá kéré sí mẹ́gà-óòmù 1, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ wáyà ilẹ̀ ni ó le jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, irin tí a rì sínú ilẹ̀ ni ààbò gbára lé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí ìdènà irin náà bá jẹ́ óòmù 100, tí iná 230 fóòtì sì kan ara fíríìjì, áńpù 2.3 péré ni yóò ṣàn lọ sí ilẹ̀. Fíùsì áńpù 13 kò ní já. Ara fíríìjì yóò máa gbé iná títí ọmọ kan yóò fi fọwọ́ kàn án. Èyí ni a fi nílò súìṣì ààbò oní-mílíáńpù 30, tí ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń sá lọ sí ilẹ̀. Ìlànà ní kí irú rẹ̀ tí a sábà ń lò já láàárín ìṣẹ́jú àáyá 0.3. Bọ́tìnnì ara rẹ̀ kò lè sọ àkókò yìí fún wa, kò sì lè sọ bóyá irin inú ilẹ̀ dára. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Ìdáhùn mi nìyí. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kí ó ra ẹ̀rọ kan tí ń wo bí wáyà ṣe já gaara, agbára rọ́bà wáyà, ọ̀nà ilẹ̀, irin inú ilẹ̀ àti súìṣì ààbò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, kí ó ra ẹlẹ́nu méjì àti ẹ̀rọ oní-500 fóòtì, kí ó sì yá èyí tí ó kù kí ó tó fi ilé lé onílé lọ́wọ́. Kí a wo àmì CAT III lára rẹ̀, ó kéré tán fún 300 fóòtì. Nídìí mítà iná, CAT IV ni ó yẹ. Kí a sì bèèrè ibi tí a ó ti máa gbé e yẹ̀ wò lóòrèkóòrè.

Owó rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti san owó ìtọ́jú eegun rí, mo sì mọ èyí tí ó wọ́n jù.