Irin Olówó Iyebíye Abẹ́ Ọkọ̀ Wa: Bí Ó Ṣe Ń Dì Mọ́ Ibi Iṣẹ́ Rẹ̀, àti Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí Á Gé E Tà

 

Ọ̀rọ̀ mi wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ gbé wá síbí. Lára páìpù èéfín ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni agolo irin kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kátálíìsì. Àwọn kan ń gé e tà, wọ́n a sì fi páìpù lásán dí àyè rẹ̀. Kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀? Platinum, palladium àti rhodium ni, àwọn irin tí owó wọn ga. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù díẹ̀ lọ. Báwo ni ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ ńlá?

Kátálíìsì ni ohun tí ń mú kí nǹkan mìíràn tètè yí padà, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán. Ojú irin ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Èyí tó bá fara pamọ́ sínú kò wúlò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́n irin náà ká wẹ́wẹ́ sórí alumina, ìyẹ̀fun funfun kan tó kún fún ihò wínníwínní. Bí a bá tẹ́ ojú gíráàmù kan rẹ̀ sílẹ̀, ó lè ju 100 mítà onígun mẹ́rin lọ.

Kí ni yóò wá so irin mọ́ ọn? Aláró ní Òṣogbo, tàbí ní Kofar Mata níhìn-ín, mọ̀ pé ẹ̀lú nìkan kọ́ ní í mú aṣọ dúdú. Bí omi eérú kò bá dára, aró kò ní mú. Bẹ́ẹ̀ ni ti èyí. Nínú omi, kílóráìdì 6 lè yí platinum kan ká, kí gbogbo wọn sì ní iná nẹ́gátíìfù lára. Bí ásíìdì bá wà nínú omi náà, ojú alumina a ní iná pọ́sítíìfù, a sì fa platinum mọ́ra. Bí omi bá le bí omi eérú, àwọn méjèèjì a máa ti ara wọn sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á yan án, wọ́n á sì fi háídrójìn lé kílóráìdì lọ. Hóró irin tó kù kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè tò sórí ìbú irun orí kan.

Hóró wọ̀nyí ni ń sọ carbon monoxide, èéfín tí kò lóòórùn tó sì ń pani, di carbon dioxide. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Ọ̀tá wọn ni òjé inú epo, tí ń bò wọ́n lójú, àti ooru àpọ̀jù, tí ń mú kí wọ́n yọ́ lu ara wọn.

Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gé kátálíìsì yín tà. Èéfín tó yẹ kó pa, àwọn ọmọ wa létí títì ni yóò máa fà á símú.
2. Bí púlọ́ọ̀gì kò bá jó dáadáa, ẹ tètè tún un ṣe. Epo tí kò jó a máa lọ jó nínú kátálíìsì, a sì bà á jẹ́.
3. Kódà bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì tí a tì pa.