Apòògùn Àdúgbò àti Àrùn Éèdì ní Ọ̀tà àti Ṣàngó
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mi, èyíinì ni iṣẹ́ apòògùn, àti ipò rẹ̀ nínú ọ̀ràn kòkòrò àrùn HIV.

Kògbóògùn ni a ń pe àrùn náà. Nígbà tí a kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1986, orúkọ náà bá a mu. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, dúró níwájú àwọn oníwèé ìròyìn, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn yìí ni ó pa á. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ì bá fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n lónìí orúkọ náà ti di irọ́, ó sì ń pa ènìyàn, nítorí ẹni tí ó gbà pé àrùn kan kò gbóògùn, kí ni yóò wá oògùn rẹ̀ lọ fún? Òótọ́ ni pé oògùn kò tíì lè lé kòkòrò náà kúrò nínú ara pátápátá. Síbẹ̀, bí aláìsàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, kòkòrò náà yóò dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní rí i mọ́, bí ó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Ní 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn yìí; láti 2006 ni wọ́n sì ti ń fi í fún aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí oògùn bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni ó tún kù? Àkókò ni. Ẹ wo àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá láti Ọ̀tà títí dé Àgbárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba owó ojúmọ́. Ọjọ́ tí wọn kò bá lọ, kò sí owó. Àwọn mìíràn ń ṣe iṣẹ́ òru. Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni ilé ìwòsàn ń pín oògùn, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá tọrọ àyè lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá yóò gbà; bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá yóò bi í ní irú àìsàn tí ń ṣe é. Kàkà kí ó dáhùn, yóò fi oògùn sílẹ̀. Kòkòrò náà yóò sì jí padà, ó tilẹ̀ lè mọ ọ̀nà láti borí oògùn àtijọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹni náà ń rí bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ṣàngó lálẹ́? Ilé oògùn tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ní Àbújá, wọ́n dán an wò pé kí àwọn aláìsàn tí ara wọn ti balẹ̀ máa gba oògùn wọn lọ́wọ́ apòògùn àdúgbò, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2018. Wọ́n san ẹgbẹ̀rún kan náírà fún iṣẹ́ apòògùn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí a gba kọ́bọ̀ lórí oògùn ọ̀fẹ́. Èmi gbà pé owó yẹn kéré sí owó iṣẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú owó ọkọ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ pàdánù oògùn rẹ̀.

Apòògùn wúlò fún ju kí ó na oògùn síni lọ. Oògùn tí ó wọ́pọ̀ báyìí jẹ́ mẹ́ta nínú hóró kan, dolutegravir sì wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé e mì pọ̀ mọ́ àwọn oògùn ọgbẹ́ inú kan, ara kò ní gbà á tán. Kí ó lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú náà ń dí i lọ́wọ́, àfi bí a bá lo méjèèjì pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tí ń lo rifampicin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ sì nílò kí a ṣe ìlọ́po dolutegravir rẹ̀. Ta ni yóò sọ èyí fún obìnrin tí ó wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní Ojú-Ọrẹ, bí kò bá lè fi ọkàn tán ẹni tí ń tà á? Ẹni tí rọ́bà ìdáàbòbò bá bẹ́ mọ́ lára, tàbí tí a fi ipá bá lò pọ̀, wákàtí 72 péré ni ó ní láti bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà tí a ń lò fún ọjọ́ 28. Bí ó bá jẹ́ òru Sátidé, ọ̀dọ̀ apòògùn ni yóò kọ́kọ́ ti bèèrè. Ohun èlò àyẹ̀wò ara-ẹni náà wà, bí ó bá sì fi àrùn hàn, a ní láti tún àyẹ̀wò ṣe ní ilé ìwòsàn kí a tó gbà á gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń ta oògùn ni apòògùn o. Ẹ wo ìwé àṣẹ tí ó wà lára ògiri. Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún àwa onílé oògùn: ẹlòmíràn nínú wa a máa ké orúkọ oògùn láti orí káńtà bí ẹni ń polówó ẹ̀kọ. Kò sí aláìsàn HIV tí yóò padà sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 2014 dá ilé iṣẹ́ lẹ́kun láti fìyà jẹ ẹni tí ó ní kòkòrò yìí, ṣùgbọ́n òfin kò lè mú ohùn tí ó ti jáde padà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ rẹ̀ sí òkè òkun dúró. Ní oṣù kejì, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù láti ra oògùn HIV. Àsìkò náà bá ọ̀pọ̀ aláìsàn lẹ́rù. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ètò ìlera ní Abẹ́òkúta, kí ètò gbígba oògùn lọ́wọ́ apòògùn lè gbilẹ̀ ní Ọ̀tà, Ṣàngó àti Àgbárá, kí wọ́n sì kọ́kọ́ yan àwọn ilé oògùn tí ń ṣí di alẹ́. Bí akọ̀wé bá lè kọ ìwé náà kí a tó tú ká lónìí, èmi yóò fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú yín.