Kòkòrò Rere Inú Ọmọ Tí Kò Pé Oṣù

 

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé ni mo bá wá. Bí oyún kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 37 kí a tó bí ọmọ, àwọn dókítà ní ọmọ náà kò pé oṣù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kéré. Ara rẹ̀ tètè ń tutù. Ìfun rẹ̀ sì fẹ́lẹ́.

Ta ni ó kọ́kọ́ wọ inú ìfun náà? Kòkòrò ni. Ẹ má jáyà, n kò sọ ti aràn. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ni mò ń wí. Ẹ ti mọ irú wọn tipẹ́. Bí ẹ bá rẹ ọkà, tí ẹ lọ̀ ọ́, tí ẹ sẹ́ ẹ, kí ni ó ń mú ògì kan? Àwọn náà ni. Ẹni rere wà nínú wọn, ẹni búburú sì wà. Ìfun ọmọ tuntun dà bí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Bí a kò bá tètè gbin nǹkan sí i, èpò ni yóò gbà á.

Ní ọdún 1899, oníṣègùn kan ní ìlú Paris, Henri Tissier, yẹ ìgbẹ́ ọmọ ọmú wò. Ó rí kòkòrò rere kan níbẹ̀. Ṣúgà kan wà nínú omi ọmú tí inú ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè lò. Kí ni ó wá ń ṣe níbẹ̀? Oúnjẹ kòkòrò rere ni! Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, inú ìfun á kan díẹ̀ bí ògì. Kòkòrò búburú kò sì fẹ́ ibi tó kan.

Ọmọ tí kò pé oṣù ni ó nílò èyí jù. Bí wọ́n bá gbé e sínú àpótí tó móoru, kòkòrò inú ọsibítù ni ó ń kọ́kọ́ bá pàdé. Oògùn tó ń pa kòkòrò lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n oògùn náà kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni búburú. Àìsàn kan sì wà tí ń mú ìfun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kú: inú á wú, ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìgbẹ́. Àìsàn yìí kì í pọ̀ lára àwọn tó ń mu ọmú ìyá bíi ti àwọn tó ń mu mílíìkì agolo.

Ẹ gbọ́ èyí tí a ṣe ní Ilé-Ifẹ̀. Láti 2017 dé 2020, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ọsibítù ní Ghana, Malawi, Tanzania àti India jọ ṣe ìdánwò kan. Àwọn ọmọ náà ju 3,200 lọ, kò sí èyí tí ó wọn tó kílò 2. Wọ́n gbé àwọn kan sí àyà ìyá wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ara kan ara, wọ́n sì fi aṣọ dì wọ́n. Wọ́n ní kí àwọn yòókù kọ́kọ́ lókun ná. Nínú ọmọ 100 tí ó dúró, bí 16 ló kú. Nínú 100 tí ó wà láyà ìyá, 12 ni. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, nítorí kò tọ́ láti tún fi àyà ìyá du ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣe é rò pé kòkòrò rere ara ìyá tó ràn mọ́ ọmọ wà lára ohun tó fà á.

Nítorí náà, omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ má dà á nù mọ́. Bí ọmọ kò bá lè fà á, ẹ fún un sínú ife mímọ́, kí nọ́ọ̀sì fi bọ́ ọ. Ẹnìkan yóò ní, “Tíṣà, ṣé kí n fún un ní omi ògì?” Rárá o. Kò sí ògì, kò sí omi, kò sí àgbo, títí oṣù mẹ́fà. Ẹ má sì lọ ra ìyẹ̀fun kòkòrò rere fúnra yín. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ kan tí kò pé oṣù kú.

Bí ìyá bá fẹ́ wẹ̀ tàbí jẹun, kí bàbá bọ́ bùbá rẹ̀, kí ó gba ọmọ náà sí àyà. Àyà ọkùnrin náà móoru.